Ẹ̀rọ Tó Ń Dún bí Bàálù

Kí ogun tó dé, ẹ̀rù kì í tètè ba Asiata. Bí ẹ bá sọ fún un pé ejò wọ yàrá, ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú kó tó béèrè ibi tí ejò wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, adìyẹ ló ń tà ní Díóbù ní Port Harcourt, ẹnu rẹ̀ mú, apá rẹ̀ sì le. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1967, òun àti ọkọ rẹ̀, Yẹ̀kínì, gbé ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, Ganiyat, wọ́n sá padà sílé. Lọ́dún kejì, àwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa bá wọn wa lọ́rí. Yẹ̀kínì ní ebi Ògbómọ̀ṣọ́ ò sàn ju ìbọn Port Harcourt lọ. Bí wọ́n ṣe tún kó ẹrù wọn padà nìyẹn. Ẹ̀rù tí Asiata kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń dúró dè é níbẹ̀.

Ilé tí wọ́n fi wọ́n sí wà lọ́nà Elekahia, kò jìnnà sí pápá bàálù. Ilé ńlá òyìnbó elépo kan ni. Òyìnbó ti sá lọ, àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ti gba ilé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn yàrá tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó ń gbé tẹ́lẹ̀ wà, níbẹ̀ ni wọ́n fún Asiata àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní yàrá kan. Mama Dagogo, obìnrin ará Abuloma tó ń din ẹja tà, wà ní yàrá kejì. Bàbá Solomon, tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ àwọn ọ̀gá, wà ní ìkẹta. Láàárín àgbàlá ni wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá kan sí, wọ́n fi igi àti iyanrìn bò ó lórí. Bọ́ńkà ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ sì ni gbogbo wọn máa ń sá sí bí bàálù ọ̀tá bá dé.

Kò pẹ́ tí wọ́n padà ni bàálù kan dé lọ́sàn-án gangan. Bọ́ǹbù tó jù kò kan ilé wọn, àmọ́ ó mi ilẹ̀ débi pé ìkòkò ọbẹ̀ Asiata dà nù lórí àdògán. Ganiyat nìkan ló wà ní balùwẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ọdún mẹ́fà yìí kò ti ní ìsinmi mọ́. Bí lọ́rí bá kùn lójú ọ̀nà, ó ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí atẹ́gùn bá lu páànù, ó ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ti Ganiyat tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, òjìji ekòló pàápàá ló ń sá fún. Kì í jẹun. Ó ń tọ̀ sílé. Eegun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Asiata ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ méjì ṣáájú Ganiyat, ó sì mọ bí ọmọ ṣe ń rí bó bá ti ń múra àtilọ. Ó máa ń gbé etí lé àyà ọmọ náà láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Ogun yìí lè má fi ìbọn pa ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún ara rẹ̀, ẹ̀rù ni yóò fi pa á.

Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni kó máa ṣètò adìyẹ fún àwọn ọ̀gá ṣọ́jà. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, wọn kì í sì í jẹ ẹran tí wọn ò bá mọ ẹni tó dúńbú rẹ̀. Bí Yẹ̀kínì bá ti kírun àárọ̀ tán, á kọjú àwọn adìyẹ sí ìlà-oòrùn, á pe orúkọ Ọlọ́run, á dúńbú wọn, á sì gun lọ́rí rẹ̀ lọ. Asiata á dúró títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára wọn pátápátá, á rì wọ́n bọ omi gbígbóná, á wá jókòó ti ìyẹ́ títu. Bí àwọn ọ̀gá ṣe ń pọ̀ sí i ni adìyẹ ń pọ̀ sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ń bó.

Ọ̀gá tó ń bójú tó oúnjẹ ló lọ tú gáréèjì òyìnbó, ló bá rí ẹ̀rọ kan. Ìyàwó òyìnbó máa ń sin adìyẹ jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná tu ìyẹ́ ló sì rà wá láti òkè òkun. Àgbá irin kan ni, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, rọ́bà gígùn bí ìka ọwọ́ sì yọ káàkiri ara rẹ̀. Bí iná bá wọ̀ ọ́, àgbá náà á máa yí. Ẹ óò di ẹsẹ̀ adìyẹ mú, ẹ óò gbé e kan àwọn ìka rọ́bà yẹn, ìyẹ́ á sì máa fò kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi ku awọ funfun.

Bàbá Solomon ló fa wáyà sí i. Ó na ìka sí Asiata lójú.

“Mama Gani, no touch am with wet hand o. Dis thing go carry you go where you no know.”

Ẹ sọ fún mi, ta ló ń tu ìyẹ́ adìyẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tutù? Asiata wọ bàtà òjò ọkọ rẹ̀, ó ka Bísímílà, ó tẹ ẹ̀rọ náà bí ẹni tó fẹ́ tẹ ìrù ejò.

Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ kùn nísàlẹ̀, hùùùù. Ohùn náà wá ń gùn sókè, ó di híhan, ó ń gbọ̀n bó ṣe ń lọ. Àyà Asiata já. Ó mọ ohùn yìí. Kò sẹ́ni tó wà ní ìlú náà tí kò mọ̀ ọ́n. Ohùn bàálù ni, bàálù kékeré tó ń fò nísàlẹ̀, tó ti sún mọ́ tòsí.

Kó tó rí ibi tí yóò ti pa á, àgbàlá ti dàrú. Mama Dagogo ti bẹ́ sínú bọ́ńkà pẹ̀lú agbada ẹja lọ́wọ́. Bàbá Solomon, ẹni tó fa wáyà fúnra rẹ̀, ti wà nínú kòtò ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde tí wọ́n rí ohun tó ń dún, Mama Dagogo, tí òróró àti iyanrìn ti bò lára, bú Asiata títí ohùn rẹ̀ fi há.

“You wan kill person? My heart na stone? Na so person dey pluck fowl?”

Asiata ń bẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó tó rántí ọmọ rẹ̀. Ganiyat kò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí nínú bọ́ńkà. Wọ́n wá a títí oòrùn fi rọlẹ̀, inú gọ́tà lẹ́yìn ọgbà ni wọ́n ti rí i, láàárín ewé kókò, ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ti ká jọ débi pé Yẹ̀kínì kò lè na ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ká jọ náà ni wọ́n gbé e wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Asiata lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó oúnjẹ pé kó gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ọ̀gá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní adìyẹ òun gbọ́dọ̀ máa tètè dé, bí ẹ̀rọ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun mọ ẹni tó lè gbé yàrá yẹn. Ta ló máa bá ẹni tó gbé ìbọn sí itan jiyàn? Asiata padà sílé. Nígbà tí kò rí bí yóò ṣe mú ariwo kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, ó pinnu láti mú ẹ̀rù kúrò lára ọmọ.

Ẹ̀kọ́ náà gba sùúrù, ó sì ní sùúrù fún un. Ó kọ́kọ́ mú Ganiyat wá síbi tí ẹ̀rọ wà nígbà tí kò sí iná, ó jẹ́ kó fọwọ́ kan àwọn ìka rọ́bà. Ó fi ìka kan rin ín lábíyá, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó ní kí Bàbá Solomon tan iná díẹ̀ kó tètè pa á. Ó gbé ọmọ náà lé ẹ̀yìn nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kó lè mọ̀ pé ibi tí ariwo ti ń jáde ni ìyá òun wà. Ó wá kọ́ ọ ní ìbéèrè àti ìdáhùn, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ ní kéwú.

“Ta ló ń ké?”

“Màámi ni.”

“Kí ni wọ́n ń ṣe?”

“Iṣẹ́ ni.”

“Ṣé a ó sá?”

“A ò ní sá.”

Inú Asiata dùn. Ganiyat bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ó béèrè fún ẹsẹ̀ adìyẹ, ó jẹ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Kò tọ̀ sílé mọ́. Ẹ̀rọ á máa han, ọmọ á sì jókòó síta, á máa fi iyanrìn mọ ilé, kò ní gbójú sókè. Nígbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Asiata máa ń lọgun kó tó tẹ̀ ẹ́, “Èmi ni o! Na me o!” kí àwọn aládùúgbò má bàa sá. Nígbà tó yá, Mama Dagogo ní kó má lọgun mọ́, igbe rẹ̀ tún burú ju ti ẹ̀rọ lọ. Ó dẹ́kun. Kò sẹ́ni tó ń wo òkè mọ́ nínú ọgbà náà.

Yẹ̀kínì nìkan ni kò fara mọ́ ọn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ kan tó ń jẹun, ó gbé òkèlè dání, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń ṣeré nígbà tí ẹ̀rọ ń dún.

“Asiata, etí ló ń gba èèyàn là nílùú yìí. Ìwọ lo wá ń kọ́ ọmọ kó di etí.”

“Bàbá Gani, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi jẹun ná. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yè.”

Yẹ̀kínì fi òkèlè sẹ́nu. Ó mọ ọmọ méjì tí wọ́n ti sin kí Ganiyat tó wá sáyé. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Asiata, ó dúró síbẹ̀ bí eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n ó ń gbé e mì. Ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń sanra kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Òjò ọdún 1969 ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ tán. Bàbá Solomon ti lọ wá epo ní Rumuodara, iná kò sí. Yẹ̀kínì dúńbú adìyẹ bó ti máa ń ṣe, ó gbé lọ́rí rẹ̀ lọ sí etí omi. Asiata sọ pé ọwọ́ ò kú, ó gbé àpótí, ó jókòó ti omi gbígbóná lábẹ́ ìbòjì páànù níbi tí ẹ̀rọ wà, ó ń fi ọwọ́ tu ìyẹ́. Ganiyat ní òun fẹ́ lọ ṣa kóró iṣin ní pápá tó wà níwájú ilé ńlá, ìyá rẹ̀ ní kó má jìnnà.

Ó ń tu, ó ń dà á sínú igbá. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀, hùùùù, ó ń gùn sókè. Asiata kò kà á sí. Etí rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì gbà á bí ohun tó ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ó tilẹ̀ ń rò ó lọ́kàn pé àwọn rọ́bà ẹ̀rọ yìí ti ń gbó, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀, òun á ní kí Bàbá Solomon bá òun wò ó. Ó tu ìyẹ́ apá kan tán, ó yí adìyẹ sí apá kejì.

Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo adìyẹ tó wà lórí itan rẹ̀, tó ń fi ìka ara rẹ̀ tu. Ó yíjú wo ẹ̀rọ. Alángbá kan jókòó lórí àgbá náà láàárín àwọn ìka rọ́bà, ó ń mi orí. Àgbá kò yí. Ohùn náà sì ń pọ̀ sí i.

Ara Asiata bù máṣọ. Ó fò dìde, omi gbígbóná dà lé e lórí ẹsẹ̀, kò mọ̀. Ó já sí àgbàlá. Mama Dagogo jókòó ti ẹja rẹ̀, ó ń fẹ́ná, kò yíjú.

“Mama Gani, you don start work?”

“Kì í ṣèmi! No be me!”

Mama Dagogo gbójú sókè. Ó rí Asiata níwájú rẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ tí ìyẹ́ ṣì wà ní apá kan lọ́wọ́. Ó gbọ́ ohùn náà tó ń dún. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ara Asiata sí ìbòjì páànù, ó tún padà. Ó ju abẹ̀bẹ̀ nù, ó sì kó sínú bọ́ńkà, ó ń pe Jésù.

Asiata ti kọjá bọ́ńkà. Pápá ló ń sá lọ, kò sì tíì rí pápá náà bó ṣe gùn tó rí. Ganiyat wà láàárín rẹ̀, ní gbangba, kò sí igi, kò sí kòtò. Ó lóṣòó, ó ń to kóró iṣin.

“Gani! Sá! Sá wọ igbó!”

Ohùn òkè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà rí ìyá rẹ̀ tó ń sá bọ̀, tó ń ju apá, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé. Ó rò pé eré ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ju ọwọ́ sí i, ó sì padà sídìí kóró rẹ̀. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló wà lára rẹ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀.

Bàálù yọ lórí àwọn igi ọ̀pẹ, ó fò nísàlẹ̀ débi pé imọ̀ ọ̀pẹ ń tẹ̀. Òjìji rẹ̀ kọjá lórí iyanrìn, ó bo Ganiyat, ó ṣí kúrò. Asiata ń ké, “Ọlọ́run, èmi ni kó o mú! Èmi ni mo kọ́ ọ! Èmi ni!” Kò mọ̀ bóyá òun sọ ọ́ síta tàbí òun sọ ọ́ sínú. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ró lókè, iyanrìn ń ta sókè. Ó ṣubú lé ọmọ rẹ̀, ó fi gbogbo ara bò ó, ó sì di ojú. Nǹkan ńlá bú gbàmù ní ìhà pápá bàálù. Ilẹ̀ mì lábẹ́ wọn. Òmíràn tún bú. Ohùn náà wá ń lọ, ó ń lọ, ó sì tán.

Asiata kò lè dìde. Ó ń dúró kí ìrora sọ ibi tí ìbọn ti bà á fún un. Ìrora kankan kò dé bí kò ṣe ti ẹsẹ̀ tí omi gbígbóná bó. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ara rẹ̀, ó ń wá orí ọmọ rẹ̀, ọrùn rẹ̀, àyà rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Iyanrìn ni. Ó gbójú sókè. Ihò ìbọn wà lórí ilẹ̀ níwájú wọn, ó tò lọ gbọọrọ bí ihò tí wọ́n fẹ́ gbin àgbàdo sí, èyí tó sún mọ́ wọn jù ni ọwọ́ rẹ̀ lè kàn.

Ganiyat yọ orí jáde. Ẹnu rẹ̀ kún fún iyanrìn, ojú rẹ̀ sì ń dán.

“Màámi, I no run. Mo gbọ́ ọ, mo ní Màámi ni. I no fear at all.”

Ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ yìn ín.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni Asiata ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó fúnra rẹ̀ gé wáyà ẹ̀rọ, ó lọ dúró níwájú ọ̀gá tó ń bójú tó oúnjẹ, ó ní kó lé òun jáde bó bá wù ú, òun ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọ̀gá náà ti rí ohun tí bàálù fi pápá bàálù ṣe, ó ní kó máa fọwọ́ tu adìyẹ rẹ̀ lọ. Títí ogun fi parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1970, ọwọ́ ló fi tu ìyẹ́, Mama Dagogo sì máa ń wá ràn án lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó pè é. Ṣùgbọ́n kó tó ṣe ìkankan nínú ìyẹn, ní pápá yẹn náà, kí wọ́n tó dìde nílẹ̀, ó di ọwọ́ Ganiyat méjèèjì mú.

“Gbọ́ mi. Bó o bá tún gbọ́ ohùn yẹn, sá.”

“Màámi, even if na you?”

“Bó tilẹ̀ jẹ́ èmi.”

“Ẹ ní kí n má sá bó bá jẹ́ ẹ̀yin.”

“Mo parọ́. Bí mo bá dúró níwájú rẹ, tí mo ní kó o má bẹ̀rù, má gbà mí gbọ́. Sá.”

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ kan etí. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì sá lọ sínú igbó. Asiata jókòó sórí iyanrìn, ó ń wò ó bó ṣe ń sá, kò sì pè é padà.